Bí A Ṣe Ń Wádìí Ìtumọ̀ àti Orísun Orúkọ Yorùbá Tí A Fi Ọ̀rọ̀ Ṣẹ̀dá

Ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá ni ó jẹ́ odindi gbólóhùn. Ẹnì kan ni ó sọ gbólóhùn náà ní ọjọ́ ìkómọjáde, ó ní ohun tí ojú rẹ̀ rí tí ó fi sọ ọ́, àwọn tí ó péjọ síbẹ̀ sì gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, tí ẹni tí ó sọ ọ́ ti lọ, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà ti gé orúkọ náà kúrú, tí àwọn akọ̀wé sì ti kọ ọ́ sínú ìwé láìsí àmì ohùn, ọmọ-ọmọ ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ lè máa fi í ṣe orúkọ ìdílé láìmọ ohun tí ó ń wí. Àdánù gbáà ni èyí jẹ́ lójú tèmi, nítorí pé nínú ilé tí kò sí ìwé ìtàn, orúkọ ni ìwé ìtàn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí n ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè wá ìtumọ̀ orúkọ kan dé ìdí rẹ̀, pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn àgbà tí ó lè jẹ́rìí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú agbo ilé. Iṣẹ́ méjì ni: èkíní ni títú ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú orúkọ, èkejì ni wíwádìí ohun tí ó mú kí wọ́n sọ ọ́, èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fò.

Kí ẹni tí ó ń wádìí gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu àgbà kí ó tó gbé kálàmù. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti káàdì ìdìbò kò lè ràn án lọ́wọ́ ní ìpele yìí, nítorí pé lẹ́tà lásán ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìsàlẹ̀. Ẹ wo orúkọ kan tí kò ṣàjèjì ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń kọ báyìí: Bamgbose. Ẹni tí ó bá fi ojú nìkan kà á lè rò pé iṣẹ́ ni ó wà nídìí rẹ̀, tàbí ọṣẹ, tàbí ọ̀sẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kan bá pè é ketekete lẹ́ẹ̀kan péré, a ó gbọ́ pé “o” ni ó tẹ̀lé “gb”, kì í ṣe “ọ”, pé “e” ni ó parí rẹ̀, kì í ṣe “ẹ”, àti pé ohùn òkè ni ó wà lórí àwọn méjèèjì: Bámgbóṣé. Gbígbọ́ yìí nìkan ti lé iṣẹ́, ọṣẹ àti ọ̀sẹ̀ jáde pátápátá, a kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ohunkóhun.

Bí orúkọ tí a mú wá bá ti di kékeré, a gbọ́dọ̀ wá orí tàbí ìrù rẹ̀ tí ó ti já. Wálé lè jẹ́ Adéwálé, Ọláwálé, Àyánwálé, Ọdẹ́wálé tàbí Ṣàngówálé, ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń darí wa lọ sì yàtọ̀: ilé ọba, ilé ọlọ́lá, ilé onílù, ilé ọdẹ, ilé àwọn tí ń sin Ṣàngó. Láoyè tí a ń gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọláoyè tí ó ti sọ fáwẹ́lì iwájú rẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ náà ni Fábùnmi jẹ́ Ifábùnmi. Ọ̀nà kan tí ó dára láti gbọ́ orúkọ ní kíkún ni kí a bi ẹni tí ó tọ́ ẹni náà dàgbà bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é bí ó bá ń gbàdúrà fún un tàbí bí ó bá ń bínú sí i, nítorí pé ní àkókò méjèèjì yìí, ìyá kì í gé orúkọ ọmọ.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wá gé orúkọ náà sí ọ̀rọ̀ ọ̀rọ̀. Níbi tí fáwẹ́lì méjì bá ti pàdé, ọ̀kan máa ń ṣubú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í sáábà bá a lọ. Ó máa ń bọ́ sórí èyí tí ó kù. Gbé oṣé ni ó di gbóṣé: “e” inú gbé ti lọ, ohùn òkè rẹ̀ ti gun orí “o”. Kó ọlá wọ ilé ni ó di Kọ́láwọlé. Àwọn kan máa ń túmọ̀ Kọ́láwọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́ ọlá bí ẹni kọ́ ilé, mo sì mọ ohun tí ó fà á, nítorí pé kó ọlá àti kọ́ ọlá ń fún wa ní ìró kan náà tí a bá ti pa wọ́n pọ̀. Ibi tí ó yẹ kí a wò ni ìyókù gbólóhùn náà. Ohun tí a bá kó ni ó lè wọ ilé; ohun tí a bá kọ́ kì í rìn. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ kí a sì sọ pé a ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀ ni kí ó bára mu.

Ọ̀rọ̀ kékeré “ni” tún máa ń yí padà. Bí fáwẹ́lì tí ó tẹ̀lé e bá jẹ́ “i”, ó máa ń dúró bí ó ṣe wà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí i nínú Ọmọniyì, ọmọ ni iyì. Bí fáwẹ́lì mìíràn bá tẹ̀lé e, “n” yóò di “l”: ọmọ ni ará di Ọmọlará, ọmọ ni ọlá di Ọmọlọlá. Òfin yìí ni ó tú orúkọ ẹni tí ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó fún wa. Ògúnlọlá ni Ògún ni ọlá, ó sì bá ẹni tí ó jẹ́ ẹ mu, nítorí pé ọdẹ ni, Ògún sì ni òrìṣà ọdẹ. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé abẹ́ igi Àjàgbọn ni ó fìdí kalẹ̀ sí, pé ó pa akọni kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ Ilé lẹ́nu, ó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Láti inú ìtàn yìí ni orúkọ ìlú náà ti jáde: Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ẹni tí ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí lílò ojoojúmọ́ sì ti gé di Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ ṣe lè pàdánù ìlàjì ara rẹ̀ kí ó sì máa rántí ìtàn rẹ̀ síbẹ̀, kí ó gbé orúkọ ìlú yìí wò dáadáa.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń túmọ̀ orúkọ kì í sáábà kíyè sí, òun ni ohùn òkè tí ó máa ń wà láàárín ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ohun tí ó ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, a kì í sọ pé “ọdẹ dé” pẹ̀lú ohùn àárín méjèèjì lórí ọdẹ. “Ọdẹ́ dé” ni a ń sọ. Ohùn yẹn bá ọ̀rọ̀ wọ inú orúkọ. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi di Ọdẹ́ nínú Ọdẹ́wálé, tí àyàn fi di Àyán nínú Àyántúndé, tí ọ̀jẹ̀ fi di Ọ̀jẹ́ nínú Ọ̀jẹ́wùmí. Nínú Oyèwùmí, ẹ fetí sí àgbà tí ó bá ń pè é, ẹ ó gbọ́ pé ohùn oyè máa ń gòkè díẹ̀ ní ìparí rẹ̀ kí ó tó kan wùmí. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè máa wá ọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ “àyán” kiri kí ó sì lọ bá aáyán, kòkòrò inú ilé, nígbà tí ó jẹ́ pé Àyàn, òrìṣà àwọn onílù, ni ó wà níwájú rẹ̀.

Ó kù kí a mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú orúkọ náà. Bámgbóṣé ni bá mi gbé oṣé. Oṣé ni igi olórí méjì, tí ó rí bí àáké, tí àwọn olùsìn Ṣàngó máa ń gbé lọ́wọ́ bí wọ́n bá ń jó. Ta wá ni “mi”? Ọmọ tuntun jòjòló kọ́ ni ó ń bẹ ènìyàn kí ó bá òun gbé e. Bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ni, ẹni tí ó ti ń sin Ṣàngó tipẹ́, tí ó sì rí ọmọ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò bá òun gbé ẹrù ìsìn náà, tí yóò sì gbà á lọ́wọ́ òun níkẹyìn. Orúkọ yìí ti di àdúrà àti ìfinijoyè lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí Ṣàngó ti jẹ́ ọba rí, tí wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ títí di òní, ọdún tí UNESCO pàápàá kọ sínú àkójọ àṣà àjogúnbá àgbáyé ní 2023, kò yẹ kí ọmọ ilé Bámgbóṣé máa sọ pé òun kò mọ ibi tí orúkọ òun ti wá. Orúkọ náà ti rìn jìnnà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, olórìṣà kan gbé ayé ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì tí wọ́n ń pè ní Bamboxê Obitikô. Àwọn ará ibẹ̀ kọ ọ́ ní ìlànà èdè Potogí, ṣùgbọ́n oṣé Ṣàngó ṣì wà nínú rẹ̀ kedere.

Nínú Bánkọ́lé, Bámidélé àti Oyèwùmí náà, òbí tàbí ẹbí ni “mi”. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kan wà tí ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Mojísọ́lá ni mo jí sí ọlá. Mobọ́lájí ni mo bá ọlá jí. Ọmọ tí ó la ojú rẹ̀ sínú ilé tí nǹkan ti rọ̀ṣọ̀mù ni ó ń wí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wọ́n wé Motúnráyọ̀, níbi tí ó ti jẹ́ pé òbí ni ó ń sọ̀rọ̀, òbí tí ayọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan rí, tí ó sì tún ti rí òmíràn. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ òbí sí ọmọ lẹ́nu, ìtàn ilé náà yóò dàrú mọ́ wa lọ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ ni ó ṣeé gé báyìí. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, tí ó sì kú ní 1901, pín orúkọ sí ọ̀nà mẹ́ta nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Ó yẹ kí a mọ ẹ̀yà tí orúkọ wa wà kí a tó gbé ọ̀bẹ sí i. Àmútọ̀runwá ń sọ bí ọmọ ṣe wá sáyé ni. Òjó àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wá, Ìgè mú ẹsẹ̀ jáde ṣáájú, Dàda ta irun rẹ̀ wá láti ọ̀run, Ìdòwú tẹ̀lé ìbejì, Àlàbá sì tẹ̀lé Ìdòwú. Àjàyí ni ẹni tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, òun sì ni orúkọ tí ọmọ Òṣoògùn nì ń jẹ́ kí wọ́n tó kó o lẹ́rú, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ẹni tí ó bá jókòó tí ó ń gé Àjàyí sí wẹ́wẹ́ ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Agbẹ̀bí ni kí ó lọ bi léèrè.

Orúkọ àbíkú nílò ìṣọ́ra, nítorí pé etí àlejò lè gbọ́ ọ bí èébú. Kòsọ́kọ́ ni kò sí ọkọ́, ìyẹn ni pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ yìí tí ó bá tún lọ. Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó àti Ikúkọ̀yí wà ní ẹgbẹ́ kan náà. Bí ẹ bá rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé yín, ẹ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ iye ọmọ tí ìyá náà ti sin ṣáájú, kí ẹ sì gbà bí àgbà kò bá fẹ́ sọ ọ́. Ìbànújẹ́ ẹlòmíràn ni ẹ ń tú wò.

Oríkì ní tirẹ̀ ni orúkọ tí a fi ń gẹ ọmọ, ó sì pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Ọ̀yọ́ ju ibi púpọ̀ lọ. “À” ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ ọmọ di ẹni tí a ṣe nǹkan sí: Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́, Àṣàkẹ́ ni ẹni tí a ṣà kẹ́, Àjọkẹ́ ni ẹni tí gbogbo wa jọ ń kẹ́, Àjàní ni ẹni tí a jà kí a tó ní, Àyìndé ni ẹni tí a yìn kí ó tó dé. “Kẹ́” ni ti àwọn obìnrin púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ìjà àti akitiyan ni ó wọ́pọ̀ nínú ti ọkùnrin.

Àbísọ ni ó gba iṣẹ́ jù, nítorí pé àbísọ ni ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ilé. Lẹ́yìn tí a bá ti tú u, ìtumọ̀ tí a rí ṣì lè má tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a mú Fìjàbí. Kò ṣòro láti rí i pé fi ìjà bí ni, ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìjà wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà wo? Ó lè jẹ́ ìjà ilẹ̀ láàárín agbo ilé méjì, ó lè jẹ́ ìjà oyè, ó lè jẹ́ ìjà láàárín orogún méjì. Kò sí ìwé atúmọ̀-èdè tí ó lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ilé ni ìdáhùn wà. Bámidélé náà ń sọ pé ẹ̀yìn odi ni wọ́n bí ọmọ náà sí, tí ó sì bá òbí rẹ̀ dé ilé, ṣùgbọ́n bóyá oko ni o, bóyá ilẹ̀ Gánà ni o, tàbí ìdálẹ̀ mìíràn, ẹni tí ó bá wọn gbé nìkan ni ó mọ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ sílé. Kí ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àgbà bá ti sinmi, kí ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn ìkíni, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “kí ni ìtumọ̀ orúkọ yìí?” nítorí pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ ó gbà, èyí tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bèèrè pé, “Ìyá, ta ni ó sọ bàbá wa lórúkọ? Ibo ni ẹ gbọ́ pé wọ́n bí wọn sí? Ọmọ kelòó ni wọ́n jẹ́ lọ́wọ́ ìyá wọn? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa lọ́dún náà?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì, nítorí pé ní ọjọ́ ìkómọjáde, kì í ṣe bàbá nìkan ni ó ń sọ orúkọ. Ìyá àgbà yóò fi owó sínú abọ́ omi, yóò sọ tirẹ̀; ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ yóò sọ tirẹ̀; olórí ẹbí náà yóò sọ tirẹ̀. Ọmọ kan lè ní orúkọ bíi márùn-ún, kí olúkúlùkù wọn sì máa sọ ìtàn ẹni tí ó fún un.

Nínú agbo ilé, àwọn ìyàwó ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lọ. Èyí lè ya àwọn kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń ki ọkọ àti ọmọ ọkọ láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n sì mọ oríkì orílẹ̀ náà ju àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ. Mo ti rí ìyá àgbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó sọ pé òun kò mọ ohunkóhun nípa orúkọ bàbá ọkọ òun. Nígbà tí wọ́n ní kí ó ṣáà ki ọmọ ilé náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣu wá fún un láti oko, ó bẹ̀rẹ̀, kò sì dúró, ìran ọdẹ tí wọ́n ti ń wá kiri jáde lẹ́nu rẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí fóònù yín máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ kò lè kọ ọ́ tán bí ó ti ń sáré. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìyàwó kì í pe àwọn tí ó bá nílé ọkọ lórúkọ. Orúkọ àdàpè ni ó máa ń fún wọn. Bí ó bá ń pe ẹnì kan ní Akọ̀wé tàbí Ìbàdíàrán, ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ ìdílé máa ń hàn ní iwájú orúkọ: Àyàn fún onílù, Ọdẹ àti Ògún fún ọdẹ, Ọ̀jẹ̀ fún eléégún, Ifá àti Awo fún babaláwo, Oyè fún ìdílé olóyè, Adé fún ìdílé ọba. Bí a bá sì rí “dìran” lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti Ọdẹ́dìran, wọ́n ń fi tó wa létí pé iṣẹ́ náà ti kúrò ní ti ẹnì kan, ó ti di ìran. Síbẹ̀, kí a má fi ìwájú orúkọ nìkan dájọ́. Nígbà tí ìgbàgbọ́ wọlé, ọ̀pọ̀ ìdílé yọ Ifá tàbí Ògún kúrò, wọ́n sì fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀, tí Fábùnmi fi di Olúbùnmi tàbí Jésùbùnmi. Èmi kò bá wọn jà, ẹ̀sìn wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wádìí gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ náà rí, kí ó sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Àwọn orúkọ tí ó ti èdè Lárúbáwá wá, bíi Làmídì, Ràmọ́nì, Búràímọ̀ àti Jímọ̀, ní ọ̀nà tiwọn. Àlùfáà ilé kéwú ni yóò sọ ìtumọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa ẹni tí ó sọ ọ́ àti ìdí rẹ̀ kò yàtọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹ kọ orúkọ náà ní kíkún pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn tí a tú u sí sábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹni tí ó sọ ọ́, ibi tí wọ́n ti bí ọmọ náà àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ ka gbólóhùn náà sókè fún àgbà méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bí ó bá ṣàjèjì sí wọn létí, a jẹ́ pé a ti gé e níbi tí kò yẹ, kí a tún un gé. Bí ìtàn tí wọ́n sọ bá sì yàtọ̀ síra, ẹ má ṣe fi agbára mú wọn dọ́gba, ẹ má sì yan èyí tí ó dùn mọ́ yín nínú. Ẹ kọ ti ìyá àgbà, ẹ kọ ti bàbá àgbà, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọmọ tí yóò bá tún bèèrè lẹ́yìn yín lè mọ ẹni tí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.